Irinwó ó Lé Méjìlá ní Òpópónà Ajíbóyè

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá, ènìyàn mẹ́tàdínlógójì ló dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní ibùdó ìdìbò òpópónà Ajíbóyè, ní Agbowó. Iye tí wọ́n kọ sínú ìwé èsì jẹ́ irinwó ó lé méjìlá.

Mo mọ iye àkọ́kọ́ nítorí pé mo wà lára wọn. Gbogbo àdúgbò ló mọ iye kejì, nítorí pé obìnrin tó fọwọ́ sí ìwé náà ló tún fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Obìnrin náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Olúkẹ́mi Adéróunmú ni orúkọ rẹ̀. Màmá Ìdùnnú ni gbogbo wa ń pè é, nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tó wà nílé ọkọ ní Akobo. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni. Aránṣọ ni, súùtánà ló sì mọ̀ ọ́n rán jù, aṣọ funfun tí àwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà ń wọ̀ lọ sí ilé ìsìn. Láti Òkè Àdó àti Àpáta ni àwọn akọrin ti ń wá bá a. Bí ó bá ti rán aṣọ tán, á fi sítáàṣì tó sè fúnra rẹ̀ rẹ ọrùn rẹ̀ kí ó lè dúró. Ó máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ pé aṣọ funfun kò ní ibi tí a lè fi àbàwọ́n pamọ́ sí, nítorí náà kí oníkálukú fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó jókòó sídìí ẹ̀rọ.

Fún ọdún mẹ́rìnlá, òun náà ni olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ òṣèlú Alákàbà ní wọ́ọ̀dù wa.

Ẹgbẹ́ ńlá ni Alákàbà. Ó wà káàkiri Nàìjíríà, olú ilé rẹ̀ sì wà ní Abuja. Bí ènìyàn bá tan rédíò, ohun tó máa ń gbọ́ nípa rẹ̀ kì í dára: alága méjì ń bá ara wọn ṣẹjọ́, gómìnà kan ń halẹ̀ pé òun á jáde, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ń pe ara wọn ní olè. Ní òpópónà Ajíbóyè, kò sí ẹni tó ka gbogbo ìyẹn sí. Àwa kì í tilẹ̀ sọ pé Alákàbà. Ẹgbẹ́ Màmá Ìdùnnú là ń sọ.

Gọ́tà ló fà á. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, gọ́tà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi máa ń kún wọ inú yàrá àwọn ènìyàn bí òjò bá ti rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni Màmá Ìdùnnú lọ sí ọ́fíìsì kánsù. Bó bá ń lọ, á kó iṣẹ́ dání. Á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ọ́fíìsì ẹnjiníà, á máa fọwọ́ rán etí aṣọ súùtánà, á máa kí gbogbo ẹni tó bá ń wọlé. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹnjiníà náà tẹ̀ lé e wá. Wọ́n gbẹ́ gọ́tà náà, wọ́n fi kọnkéré bò ó. Láti ìgbà náà, bí ó bá ní kí a jáde wá dìbò, a máa ń jáde.

Mo fẹ́ kí ẹ ro èyí dáadáa, nítorí pé àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ ní Abuja kò rò ó rí. Ààrẹ kò gbẹ́ gọ́tà wa. Sẹ́nétọ̀ kò gbẹ́ ẹ. Ibi tí ọwọ́ ìjọba ti kan ẹsẹ̀ ènìyàn ni kánsù, ibẹ̀ náà sì ni ènìyàn ti ń mọ irú ẹni tí ẹgbẹ́ kan jẹ́. Ohun tí wọ́n fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún bà jẹ́ lórí rédíò, obìnrin aránṣọ kan ń tún un ṣe ní Agbowó, wọn kò sì mọ̀ ọ́n lórúkọ.

Ó ní bó ṣe ń ṣe é. Bí ìdìbò bá ku ọ̀la, á rìn láti ilé dé ilé, á sì fún oníkálukú ní àkókò tirẹ̀. Àwọn àgbàlagbà, aago mẹ́jọ. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù, aago mẹ́sàn-án. Àwọn abiyamọ, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sùn. “Bí mi ò bá rí yín, màá wá wo ohun tó ṣe yín,” á sọ bẹ́ẹ̀, á sì wá lóòótọ́.

Ní oṣù karùn-ún yẹn, ìrìn náà le fún un. Ẹgbẹ́ alátakò ti ní àwọn kò ní kópa. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé wọ́n ti pín ipò kánsù tán kí ìdìbò tó dé. Bàbá Adébísí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, bi í léèrè ní ojú mi pé kí ni òun ń jáde lọ ṣe nígbà tí àbájáde rẹ̀ ti wà nínú àpò ẹnì kan.

Ó dá a lóhùn pé, “Sà, mo ṣèlérí fún yín. Ṣé a pọ̀ ni o, ṣé a kéré ni o, iye tí a bá jẹ́ ni a ó sọ.”

Ọ̀rọ̀ yìí ló sọ ní ilé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú ènìyàn mẹ́rìndínlógójì jáde, òun ló ṣìkẹtàdínlógójì.

Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò ní ibùdó wa jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ó lé àádọ́ta. Ọ̀nà dá páropáro lọ́jọ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́ gbá bọ́ọ̀lù láàárín títì láti àárọ̀, nítorí pé mọ́tò kankan kò gbọdọ̀ rìn. Wọ́n gbé tábìlì ìdìbò sí iwájú ọgbà oníbúlọ́ọ̀kù, lábẹ́ páànù. Ní aago méjì ààbọ̀, ọmọbìnrin tó ń darí ìdìbò ka àwọn ìwé náà sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàdínlógójì. Alákàbà ni gbogbo rẹ̀. Màmá Ìdùnnú pàtẹ́wọ́ díẹ̀. Ó dàbí ẹni pé iye náà tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Nígbà náà ni Rasheed dé. Rasheed ni alága ẹgbẹ́ Alákàbà ní wọ́ọ̀dù wa, ó ń ta ohun èlò ìkọ́lé ní Bódìjà. Ó mú àlejò kan lọ́wọ́, ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Prosper, tí olú ilé ẹgbẹ́ rán wá láti Abuja kí ó wá ya fídíò. Prosper kò gbọ́ Yorùbá ju kí ó kíni lọ. Ó kí Màmá Ìdùnnú, ó gbé fóònù sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya páànù, tábìlì àti àpótí.

Rasheed fa ìwé pélébé kan yọ nínú àpò. Orúkọ àwọn ibùdó ìdìbò wà ní apá kan, iye wà ní apá kejì. Ọmọbìnrin tó ń darí ìdìbò rí ìwé náà. Ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Ó fi ìwé èsì sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì pẹ́ níbi tó lọ. Rasheed fa àga rẹ̀, ó jókòó, ó kọ 412.

“Màmá, ẹ bá wa fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin ni aṣojú ẹgbẹ́ níbí.”

Màmá Ìdùnnú wọ ìgò ojú rẹ̀. “Rasheed, ta ni irinwó?”

“Àwa ni.”

“Àwa wo? Mẹ́tàdínlógójì la jẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á ni.”

“Màmá, gbogbo ibùdó ló ti kọjá irinwó. Ṣé tiwa ni kó gbẹ̀yìn?”

“Ó gbẹ̀yìn náà nìyẹn.”

Rasheed rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ wo ẹ̀yìn yín. Àlejò wà níbẹ̀, ó ń wò wá. Ó wá láti Abuja wá wo ilé wa. Ṣé ojú rẹ̀ lẹ fẹ́ ká ti máa fa ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ má dójú tì wá, Màmá. Tó bá lọ tán, a ó sọ ọ́ láàárín ara wa.”

Ọ̀rọ̀ àlejò ló mú un. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, bí àlejò bá wà ní pálọ̀, tọkọtaya kò gbọdọ̀ jiyàn, ọmọ kò gbọdọ̀ sọ pé ebi ń pa òun. A máa ń pe èyí ní ọmọlúàbí. Prosper rẹ́rìn-ín sí i láti ẹ̀yìn fóònù. Màmá Ìdùnnú rẹ́rìn-ín padà, ó sì fọwọ́ sí i.

Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń san án.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mi ò tíì rí irú rẹ̀. Òfin ní kí wọ́n lẹ ẹ̀dà ìwé èsì mọ́ ibùdó ìdìbò kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọn kì í ṣe é. Màmá Ìdùnnú kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Nígbà tí Rasheed àti àlejò rẹ̀ lọ tán, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé abọ́ sítáàṣì wá, ó sì lẹ irọ́ náà mọ́ ògiri oníbúlọ́ọ̀kù bó ti yẹ, ó tẹ́ ẹ dáadáa, etí rẹ̀ kò ká, ní ẹ̀gbẹ́ ìwé orúkọ olùdìbò gan-an.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sunday. Àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì dúró níbẹ̀. Bàbá Adébísí fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ìwé kìíní, ó kà á sókè bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì: àwọn tó forúkọ sílẹ̀, 350. Ó tọ́ka sí ìkejì: àwọn tó dìbò, 412.

“Ẹ̀yin ará,” ó ní, “àwọn méjìlélọ́gọ́ta tó lé yìí, ta ló bí wọn?”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ya àwòrán ògiri náà.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, agbẹnusọ Alákàbà jókòó nínú tẹlifíṣọ̀n ní Abuja, ó ní èsì ìdìbò kánsù fi hàn pé ìfẹ́ tí àwọn ará ìlú ní sí ẹgbẹ́ àwọn kò lẹ́gbẹ́. Fídíò Prosper ń lọ lẹ́yìn rẹ̀, a rí páànù wa. Ṣùgbọ́n àwòrán ògiri ti wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Dùgbẹ̀ rí i ní ọ́fíìsì, wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti àdúgbò Challenge. Láàárín oṣù kan, Alákàbà ti gba orúkọ tuntun: Ẹgbẹ́ Irinwó. Ẹni tí kò mọ òpópónà Ajíbóyè ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí ọkùnrin kan bá parọ́ níbi tí wọ́n ti ń jiyàn bọ́ọ̀lù, wọ́n á ní ó ti di Alákàbà.

Àwọn ọmọdé tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí obìnrin náà ní Màmá Irinwó. Ó ń dá wọn lóhùn.

Ní oṣù kìíní ọdún yìí, àṣẹ wá láti Abuja. Ìdìbò ààrẹ ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kí olórí obìnrin kọ̀ọ̀kan kó àádọ́ta ènìyàn lọ gba káàdì ìdìbò. Màmá Ìdùnnú mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ilé dé ilé. Ọ̀dọ̀ Sàídì wẹ́dà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fi ilé mẹ́ta jìnnà sí tirẹ̀, ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mo gbé géètì wá jó.

“Sàídì, o kú iṣẹ́.”

“Ẹ kú ìrìn, Màmá.” Kò bọ́ ìgò dúdú kúrò lójú.

“Ọ̀rọ̀ káàdì ìdìbò ni mo bá wá. Ọjọ́bọ̀ ni a ó jọ lọ.”

“Màmá, ẹ ti ní irinwó. Kí lẹ fẹ́ fi èmi nìkan ṣe?”

“Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Sàídì.”

“Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Ẹ kàn bá mi wo inú àwọn méjìlélọ́gọ́ta yẹn, ó ṣeé ṣe kí n ti wà níbẹ̀. Tí mi ò bá sí, ẹ fi mí kún un. Ẹ ò ṣáà nílò kí n dìde.”

“Ìyàwó ẹ ńkọ́?”

“Ìyàwó mi ní àwọn Màmá ti bá òun dìbò títí di ọdún 2040. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́.”

Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Sàídì padà sídìí iná rẹ̀. Màmá Ìdùnnú ní kó rọra ṣe, ó sì lọ.

Ilé Bàbá Adébísí ló kàn. Màmá Ìdùnnú fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tí wọ́n jọ sọ fún mi, kò sì yọ ohunkóhun kúrò. Bàbá fún un lómi, ó ní kó jókòó.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sí mi,” ó ní.

“Mi ò bínú, Ìyá Ìdùnnú. Ṣé ẹ rántí bí mo ṣe dé ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?”

“Ọ̀pá lẹ fi rìn, sà.”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sinmi lọ́nà. Nígbà tí mo débẹ̀, mo tẹ ìka. Ẹyọ kan ni tèmi. Ẹ bá mi wá a nínú irinwó yẹn.”

Ó gbé omi náà sílẹ̀.

“Tó bá jẹ́ mẹ́tàdínlógójì lẹ kọ, mo mọ ibi tí tèmi wà. Nísinsìnyí, èmi tí mo rìn àti ẹni tí wọn kò bí, ọ̀kan náà ni wá. Rasheed kò ṣẹ̀ mí. Mi ò mọ Rasheed. Ẹgbẹ́ yín kò ṣẹ̀ mí, mi ò gbà á gbọ́ rí. Ẹ̀yin lẹ ní kí n wá.”

“Àlejò wà níbẹ̀ ni, sà. Mi ò fẹ́ kó rí ìtìjú wa.”

“Àwa ńkọ́? Àwa tó rí i, ta la jẹ́?”

Ó fi ìwé àkọsílẹ̀ náà sínú báàgì. Kò kan ilẹ̀kùn míràn lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ Wednesday tó tẹ̀ lé e, wọ́n pe ìpàdé sí pálọ̀ Rasheed ní Bódìjà. Prosper ti tún dé. Ọ̀rọ̀ kan ń dà á láàmú: ibùdó tó mú irinwó ìbò wá, ènìyàn mẹ́sàn-án péré ló wà nínú ìwé ọmọ ẹgbẹ́ níbẹ̀. Ó béèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, Rasheed sì túmọ̀ rẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni: “Ó ní níbo ni àwọn irinwó yòókù wà.”

Ẹ kíyè sí i. Iye tí àwọn fúnra wọn ṣe ni wọ́n ti gbà gbọ́. Wọ́n ti fi ṣètò ìdìbò ààrẹ.

Màmá Ìdùnnú dìde. “Rasheed, bá mi sọ fún un pé wọn kò sí níbì kankan.”

“Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tí àlejò bá lọ.”

“Ó ti lọ lẹ́ẹ̀kan, a ò sọ ọ́. Bá mi túmọ̀ rẹ̀.”

Rasheed kò túmọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, obìnrin náà fi ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tó ní sọ ọ́: mẹ́tàdínlógójì ni, kí ẹgbẹ́ kọ ìwé láti tún un ṣe, kí òun lè ní ẹnu láti fi bá àwọn ènìyàn òun sọ̀rọ̀. Prosper gbọ́ ọ títí. Ó wá bi í léèrè pé ta ló fọwọ́ sí ìwé èsì náà. Màmá Ìdùnnú ní òun ni. Prosper ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, obìnrin náà ló parọ́ fún ẹgbẹ́.

Òótọ́ ni Prosper sọ. Mo kórìíra rẹ̀, òótọ́ ló sì sọ. Orúkọ Rasheed kò sí lórí ìwé náà. Orúkọ Abuja kò sí níbẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo tí àdúgbò wa mọ̀ níbẹ̀ ni ti ẹni tí a gbà gbọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n fi lẹ́tà yọ ọ́ kúrò nípò. Ìdí tí wọ́n kọ ni ìwà tó lè ba orúkọ ẹgbẹ́ jẹ́.

Ó tún rìn láti ilé dé ilé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò mú ìwé dání, ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́rìndínlógójì tó jáde nìkan ló sì lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà á. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ti sọ ohun kan náà: “Mẹ́tàdínlógójì ni wá. Mo mọ̀, mo sì fọwọ́ sí irọ́. Mi ò sí nínú ẹgbẹ́ mọ́. Ẹ dákun, ẹ lọ gba káàdì yín, kí ẹ dìbò fún ẹni tó bá wù yín.” Ẹnì kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àwọn kan ní kò tọ́pẹ́. Bàbá Adébísí ní, “Ẹ ṣeun,” kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn tó bá a lọ sí ibi ìforúkọsílẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ ìtàn yìí, ohun kan ló bẹ̀ mí fún: kí n má kọ márùn-ún.

Èmi kò tíì forí jì í. Oṣù mẹ́jọ pẹ́ jù, ó sì mọ̀ lọ́jọ́ tó fọwọ́ sí i. Mo wà lára àwọn tó kó wá síta. Síbẹ̀, nínú gbogbo wọ́ọ̀dù wa, nínú gbogbo àwọn tí ọwọ́ wọn wà lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò tíì gbọ́ ẹnì kejì tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iye tó rí.

Ó ku àwọn ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́tàlá tí orúkọ wọn wà lórí ògiri tí wọn kò jáde. Lára wọn ni àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù. Lára wọn ni àwọn tó rẹ́rìn-ín jù lọ́jọ́ Sunday. Inú àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ ni Rasheed ti rí ibi kọ irinwó sí, àwọn náà ló sì sọ obìnrin kan tó jáde ní Màmá Irinwó.

Ìwọ tí o ń kà mí yìí, ibùdó ìdìbò kan wà tí orúkọ rẹ wà níbẹ̀. Má sọ èrò rẹ nípa ẹgbẹ́ kankan fún mi. Sọ ibi tí o wà lọ́jọ́ tí wọ́n dìbò kánsù ní àdúgbò rẹ. Bí o bá wà nílé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé ni o wà. Bí o bá jáde, kọ iye ènìyàn tí o fi ojú rẹ rí. Fi orúkọ rẹ sí abẹ́ rẹ̀, kí o sì lẹ̀ ẹ́ síbi tí àwọn ará àdúgbò rẹ ti lè kà á.